Ìkíni Tó Dá Ọkọ̀ Padà Létíkun

Ní agboolé wa ní Bẹ̀ẹ́rẹ̀ nílùú Ìbàdàn, òwò ló ń gbé ènìyàn kúrò nílé, tàbí òkú, tàbí ìyàwó. Bí o bá di ẹrù tí kò sí ọ̀kankan nínú wọn nídìí rẹ̀, a jẹ́ pé o jalè tàbí pé orí rẹ ti dàrú. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi kéde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé àwa méjèèjì ń lọ sí ìlú kékeré kan létíkun láti lọ wo òkun kí a sì sinmi, gbogbo ilé kọjú sí wa. Olórí agboolé wa, bàbá arúgbó tí ń ṣiṣẹ́ awọ, gbé ojú sókè.

"Ta lẹ ní níbẹ̀?"

"A ò lẹ́nì kankan níbẹ̀, Bàbá."

"Kí lẹ fẹ́ lọ tà?"

"A ò fẹ́ ta nǹkan kan, sà."

"Ta ló wá kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá."

Bàbá wo ọkọ mi, wọ́n wo èmi, wọ́n sì tún dojú kọ awọ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. "Nǹkan ti ṣe àwọn ọmọ wọ̀nyí," ni wọ́n sọ fún awọ náà.

N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò yé èmi fúnra mi tán. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni, òmìnira Nàìjíríà náà ò sì tíì pẹ́. Ọkọ mi ń ṣe tísà ní ilé-ìwé kan nísàlẹ̀ Màpó, èmi ń ránṣọ ní Oríta-mẹ́rin. Ọjọ́ kan ló rí ọ̀dọ́ òyìnbó méjì tí wọ́n ń gòkè Màpó lọ, báàgì gàgàrà lẹ́yìn oníkálukú wọn. Ó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń sùn. Wọ́n ní ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ó lọ ra báàgì sójà àlòkù kan ní Ọjà'ba, ó fi okùn rẹ̀ kọ́ èjìká méjèèjì, ó sì ń rìn ká àgbàlá láti dán an wò.

Ọkùnrin tó gbé ẹrù sẹ́yìn! Àwọn ìyàwó ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. "Ẹ wá wo tísà, wọ́n pọnmọ!" "Tísà, ẹ rọra o, ọmọ yín ń sùn!" Ọ̀kan tilẹ̀ sáré lọ mú ọ̀já wá fún un. Ọkọ mi kì í bínú, ìyẹn gan-an sì ni ìjà èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì kẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n lè bá a fún okùn náà le. Èmi ní tèmi, orí ni mo gbé ẹrù mi rù, bí ọmọ ènìyàn.

Ètò rẹ̀ ni pé a ò ní sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, a ò ní háyà mọ́tò, ohun tí ará ibẹ̀ bá sì ń jẹ la ó jẹ. Mo gbà nítorí pé ó ti rẹ̀ mí. Aṣọ ọdún tí mo rán láìsùn ti sọ ìbàdí mi di ti arúgbó, etí mi sì ti kún fún ariwo Oríta-mẹ́rin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi tó tóbi jù tí mo mọ̀ láyé mi ni Ògùnpa, ẹ̀yin tí ẹ sì mọ Ògùnpa mọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀.

Bọ̀lẹ̀kájà gbé wa dé Ìjẹ̀bú-Òde, òmíràn gbé wa dé Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ojú omi sì gbé wa la ọ̀sà kọjá láàárín agbọ̀n ẹja gbígbẹ àti àwọn ìyá tí oorun ti gbé lọ kí wọ́n tó tu ọkọ̀. Ìlú náà wà lórí yanrìn tóóró láàárín omi méjì: ọ̀sà níwájú, òkun lẹ́yìn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ yìí ṣì ní ẹbí níbẹ̀. Ilé onímọ̀ọ̀pẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú igi àgbọn, wọ́n sì sá àwọ̀n síbi gbogbo. Nígbà tí mo rí òkun, mo sọ ẹrù mi kalẹ̀. Ọkọ mi ní ṣé mo rí i báyìí. Mo ní mo ti rí i, kó jẹ́ kí n wò ó ná. Mo jókòó sórí yanrìn, mo na ẹsẹ̀, mo sì sunkún díẹ̀. Ara ló tù mí, kò sí nǹkan mìíràn.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan nípa ara mi kí ìyókù tó lè yé yín. Ní Bẹ̀ẹ́rẹ̀ tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹnikẹ́ni kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. À ń kí aláró pé àrẹ̀dú o, à ń kí onídìrí pé ojú gbooro o, à ń kí ọlọ́jà pé ajé á wọgbá o, ẹni tó kàn jókòó tí kò ṣe nǹkan kan náà ní ẹ kú ìjókòó tirẹ̀. Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀ pàdánù ẹ kú ilé, ni ìyá mi máa ń wí, tí wọ́n á sì fi igbáàkọ tẹnu mọ́ ọn fún wa lórí. Nígbà tí mo fi máa dàgbà, ìkíni ti di èémí fún mi. Mo máa ń kí ewúrẹ́ nígbà mìíràn kí n tó mọ̀ pé ewúrẹ́ ni.

Nígbà tí a dé ìlú tí a kò mọ ẹnikẹ́ni, ilé lèmọ́mù la kọ́kọ́ béèrè. Lèmọ́mù fi wá ránṣẹ́ sí ìyá opó kan tí wọ́n ní yàrá tó ṣófo. Ìyá wò wá tìtì.

"Ẹ̀yin lẹ wá wo omi?"

"Àwa ni, mà."

"Omi tó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Wọ́n fún wa ní yàrá àti ẹní. Nígbà tí ọkọ mi mẹ́nu ba owó ilé, wọ́n ní ẹni tó tọ̀nà jíjìn wá wo omi, àánú ló yẹ kí a ṣe fún un. Kí n sáà máa bá wọn pọnmi láti inú kànga, kí n sì fi abẹ́rẹ́ mi tún aṣọ wọn tó ti ya ṣe. Bí a ṣe dẹni ilé nìyẹn. A ń fi àgbọn jẹ gààrí, a ń jẹ ẹja tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán, a ń sùn lọ́sàn-án bí ọmọ ọwọ́. Ìbàdí mi kò dùn mí mọ́.

Àwọn méjì mìíràn ló wà nínú ilé náà: ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ìyá ní, apẹja ni, àti ìyàwó rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti gbó. Èmi àti ìyàwó yìí jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ọ̀rẹ́ wa sì wọ̀ kíákíá. Mo ń fi ọwọ́ rán ẹ̀wù kéékèèké fún ọmọ tí ń bọ̀. Yóò fọwọ́ kan aṣọ náà, yóò sì tún tì í padà sí mi. "Má tíì rán an parí," ló máa ń wí.

Nídìí kànga ni Ìyá ti sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó náà ti lóyún, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ mú ẹsẹ̀ wá, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ Ìyá fúnra wọn ni wọ́n bí wọn sí. Kò sí èyí tó ké. Ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn ní Ẹ̀pẹ́ ti yẹ ikùn rẹ̀ wò, ó ní èyí náà kò kọrí síbi tó yẹ, kí wọ́n má dán an wò kí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ nílé. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ síbẹ̀ kó lọ máa retí.

"Kí ó sáà má mú un ṣáájú ọjọ́ náà," ni Ìyá wí. "Bí àwọn ọkùnrin bá ti wọ òkun láàárọ̀, kò sẹ́ni tó lè wa ọkọ̀ la ọ̀sà yìí kọjá títí wọ́n á fi dé. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá lọ, n kì í mí tán."

Láti ìgbà náà, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn obìnrin yẹn ní gbogbo àárọ̀ bí ẹni ń wo ojú òjò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ọkọ mi lọ sí etíkun kí oòrùn tó mú. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò lè rin ibì kankan láìsí i mọ́. Àwọn ọkọ̀ yòókù ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó ku ọ̀kan. Ọkọ̀ ọmọ Ìyá ni, òun pẹ̀lú bàbá kan tó dàgbà jù ú lọ àti àbúrò bàbá náà. Wọ́n ń ti ọkọ̀ wọnú omi, iṣan ọrùn wọn yọ, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin mélòó kan dúró lókè yanrìn, àwọn náà panu mọ́. Mo wò wọ́n, mo ní irú ìlú wo lèyí, tí ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ báyìí tí obìnrin kan ò kí wọn? Mo fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, mo kí wọn bí wọ́n ti kọ́ mi nílé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ọkọ̀ á rèfó o! Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire o!"

Ọkọ mi kò jẹ́ kí n dá a ṣe. Bó ti rí i pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn, tòun ti báàgì.

Bàbá náà yíjú padà. "Òo," ló dáhùn, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bó ti dáhùn ni àwọn yòókù fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ìgbì kan dé, ó ti ọkọ̀ náà padà sórí yanrìn. Àwọn obìnrin tó wà lókè káwọ́ lérí.

Ọ̀kan nínú wọn ló ṣàlàyé fún wa. Ní etíkun yẹn, láti ìgbà tí apẹja bá ti mú àjẹ̀ títí ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, a kì í pè é láti orí ilẹ̀. Bí a bá kí i, yóò dáhùn. Bí ó bá dáhùn, ọkàn rẹ̀ ti padà sílé, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì ti padà sílé kì í wọ òkun lọ́jọ́ náà mọ́. Ọmọ tí ń rá kò ní ìlú yẹn mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó rántí láti sọ fún wa.

Ọmọ Ìyá gòkè wá bá wa, omi ń kán lára rẹ̀. "Ẹ̀yin ará Ìbàdàn," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè rárá, "àsìkò ẹja la wà yìí. Ìyàwó mi fẹ́ bímọ, ẹ wá fi ẹnu lé mi kúrò lójú omi. Ẹ di ẹrù yín. Ọkọ̀ ọ̀la ni kí ẹ bá padà sí Ẹ̀pẹ́."

Ọkọ mi ti tún dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Èmi ò bẹ̀bẹ̀. "A kí yín ni," ni mo wí, "a ò ṣépè fún yín." Ọkọ mi fa aṣọ mi láti ilẹ̀ tó wà. N kò tíì yí ohùn padà títí di òní. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò ni mo mọ̀, bí ọ̀rọ̀ rere bá wá yọ ọfà fún mi ní ìlú onílùú, kì í ṣe èmi ni kí wọ́n bi.

Inú mi bàjẹ́ ṣá. Mo padà sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù pẹ̀lú ìbínú. Ìyá kò bá wa wí. Wọ́n kàn ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀," wọ́n sì lọ sídìí iná. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ìyàwó ọmọ wọn wọlé wá jókòó tì mí, ó ń bá mi ká aṣọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má sọ fún wọn o," ló wí. "Inú mi dùn pé ó wà nílé lónìí." Mo rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi, àmọ́ ẹ̀rín náà kò jáde. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó dì í títí egungun fi ń dùn mí.

Mo pariwo pe Ìyá. Wọ́n wọlé, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n wo ẹní tó ti tutù lábẹ́ rẹ̀. 

"Ọjọ́ ọjà kò tíì pé," ni wọ́n wí. Wọ́n wá figbe ta. "Ọkùnrin wo ló wà nílé? Ẹ̀yin ará ilé, ọkùnrin wo ló wà nílé?"

Wọn ò tíì pa ẹnu dé tí gbogbo wa fi mọ ìdáhùn. Nínú gbogbo ìlú yẹn, àwọn tó lágbára láti wa ọkọ̀ ti wà lójú òkun tó jìnnà, àyàfi àwọn mẹ́ta tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi àgbọn, tí wọ́n ń fi ìbínú tún àwọ̀n ṣe. Ọmọ Ìyá ti ń sáré bọ̀ kí n tó yọjú síta.

Wọ́n fi ẹní gbé ìyàwó náà dé etí ọ̀sà, ọkọ mi di etí ẹní kan mú. Ọkọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀. Ọkọ mi bẹ́ sínú rẹ̀, ó gbé àjẹ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá tó dáhùn ìkíni mi láàárọ̀ rọra gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ẹ̀mí kan là ná." Obìnrin aládùúgbò kan tó mọ̀ nípa ìbímọ wọ ọkọ̀ ti aláboyún. À ń retí kí Ìyá náà wọ ọkọ̀, àmọ́ ṣe ni wọ́n ń fẹ̀yìn rìn.

"Èmi kọ́," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ mi ni àwọn méjì ìṣáájú kú sí. Ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ kan èyí. Ẹ máa lọ. Wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi. Ẹ máa lọ!"

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà ti ọkọ̀, wọ́n sì bọ́ sínú rẹ̀. Mo ti la ẹnu láti kí wọn kí n tó rántí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi, mo sì mú un dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi kéré lójú wa.

A jókòó sí etí ọ̀sà náà, Ìyá lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, èmi àti ọkọ mi nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá kò jẹun, kò mu omi. Àwọn obìnrin tí wọ́n káwọ́ lérí láàárọ̀ wá ń dúró lẹ́yìn wa, wọ́n ń sọ pé orí ló mú àlejò yìí la ẹnu, pé bí kò bá ti kí wọn, kí ni à bá ṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Kò tíì sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnu mi. Obìnrin tó sọ fún mi pé inú òun dùn wà lójú omi pẹ̀lú ọmọ tó dábùú nínú rẹ̀, bí ó bá sì kú, gbogbo ìkíni Ìbàdàn kò ní jí i. Ẹ̀rù bà mí bí kò ti bà mí rí láyé mi. Mo ń wí nínú ọkàn mi pé kí Ọlọ́run jẹ́ ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ, nígbà tí n kò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, mo tún un sọ.

Àwọn ọkọ̀ òkun dé nírọ̀lẹ́, ẹja kún wọn. Àwọn apẹja gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n wá sí etí ọ̀sà pẹ̀lú iyọ̀ òkun lára wọn, wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó ná ẹja.

Oòrùn ti ń lọ wọ̀ nígbà tí a rí ọkọ̀ náà lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà nìkan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọn ò kọrin. Ní gbogbo ọjọ́ tí a ti lò níbẹ̀, n kò tíì rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ wálé láìsí orin nínú rẹ̀. Àárín ọkọ̀ ṣófo, àwọn ọkùnrin náà tẹrí ba. Ìyá dìde lórí odó. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn wa kì í ṣe èyí tí à ń béèrè. Ìyá di apá mi mú.

"Kí wọn."

"Ẹ ní kí ni, mà?"

"Ìwọ ará Ìbàdàn, mo ní kí o kí wọn! Ṣé o yadi ni? Èmi ò lè ṣe é."

Mo mọ ìkíni tí wọ́n ń sọ. Ẹyọ kan ló wà, a kì í sì í kí ẹni tí ọmọ tàbí aya rẹ̀ kú bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kí i ní àkíṣì, ọ̀bẹ ni mo fi gún ọkùnrin yẹn, màá sì ti fi gún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú.  Ọkọ mi dìde dúró tì mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu.

"Ẹ kú ewu ọmọ o!"

Àjẹ̀ dúró. Ọmọ Ìyá gbé orí sókè, ó sì ń wò wá láti ojú omi bí ẹni tí àárẹ̀ ti mú débi pé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé à ń dúró dè é. Ọkọ̀ ń sún bọ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, ohùn rẹ̀ sì ya bí ó ti ń jáde.

"Ewu iná kì í pa àwòdì o!"

Ìyá jókòó sínú ọ̀sà, pẹ̀lú aṣọ lára wọn, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu omi. "Ìyàwó mi ńkọ́?" ni wọ́n ń kígbe. "Ọmọ ńkọ́?"

"Àwọn méjèèjì wà láàyè lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, Ìyá," ló ń dáhùn láti inú ọkọ̀. "Àwọn méjèèjì ni."